Aláboyún Tí Wọ́n Dì Lójú Wọ Ilé Iwin

Ní ọjọ́ kejì Iléyá lọ́dún náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn ará Ìkàrẹ́ ju ti Ilé Iwin lọ. Àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń kàwé nílé ẹ̀kọ́ gíga ló gba ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí lẹ́yìn pápá. Wọ́n fi tapólì bo gbogbo fèrèsé rẹ̀, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kó oríṣiríṣi nǹkan adẹ́rùbani sínú rẹ̀ fún eré ọdún, wọ́n ní kí ẹni tó bá láyà wá wọlé. Àwọn èèyàn sì ń wá. Wọ́n wá láti Ugbe, wọ́n wá láti Ese, àwọn kan tiẹ̀ gun ọ̀kadà wá láti Ikun. Bí àwọn kan ṣe ń fi ẹ̀rín wọlé ni àwọn mìíràn ń fi igbe jáde, tí ẹlòmíràn á sì fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí ń hún Àsàmáù lára. Àsàmáù tí mo wí yìí, ìyá tó ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá ọjà ni. Obìnrin gbígbóná ni, kò sì sí ohun tí wọ́n ń wò ní Ìkàrẹ́ tí kì í wò. Bí ọkọ̀ bá takìtì lójú pópó, ó ti débẹ̀. Bí tọkọtaya bá ń jà, òun ni yóò là wọ́n, àmọ́ yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó fa ìjà náà tán. Kí Ilé Iwin wá wà nítòsí ilé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí òun má sì rí i? Áà, ó le fún un.

Nǹkan kan ṣoṣo ló so ó mọ́lé. Limota, ìyàwó Múrítàlá ọmọ rẹ̀, wà lọ́dọ̀ rẹ̀, oyún inú rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Ọ̀kà ni tọkọtaya náà ń gbé, níbi tí Múrítàlá ti ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin. Oyún àkọ́kọ́ tí Limota ní ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára lọ́dún tó ṣáájú, láti ìgbà náà ni Múrítàlá kò sì ti fẹ́ kí atẹ́gùn líle fẹ́ sí i. Nígbà tó mú un wá sí Ìkàrẹ́ fún ọdún, tó sì fẹ́ padà lọ parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

“Màámi, ẹ̀yin ni mo fi í lé lọ́wọ́ o. Ilé Iwin tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀.”

“Ṣé orí mi ò pé ni?” Àsàmáù dá a lóhùn. “Aláboyún kì í wo nǹkan burúkú. Ohun tó bá fojú rí, òun lọmọ á gbé sójú wá sáyé. Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ọ̀rọ̀ oyún?”

Ó gba ohun tó sọ yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Ó mọ obìnrin kan tó dúró wo ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́gi nígbà tó lóyún. Ẹ má bi í ní ohun tí obìnrin náà bí, nítorí ilẹ̀ á ṣú kó tó sọ ọ́ tán.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, Ìyá Rájí, aládùúgbò rẹ̀, já wọlé. Gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi tó fi ní láti di ògiri mú.

“Àsàmáù, bí o ò bá rí i, o ò tíì ṣọdún o! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ìwọ ṣáà jókòó síbẹ̀.”

Bí Ìyá Rájí ṣe jáde, Àsàmáù dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Kò lè fi Limota nìkan sílẹ̀, ó ti ṣèlérí. Kò sì lè jókòó. Limota náà, tó ti jókòó láti àárọ̀, rí i bó ṣe ń rìn ká.

“Màámi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ìdí ti ń dùn mí níbi tí mo jókòó sí.”

“Kí ojú ẹ wá rí kí ni?”

Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ tán ni nǹkan sọ sí i lọ́kàn. Ojú! Ṣebí ojú ni gbogbo wàhálà? Bí ojú ìyá kò bá rí nǹkan kan, kí lọmọ inú máa rí gbé? Ó wọ yàrá, ó mú ìborùn rẹ̀ dúdú tó nípọn jáde, ó fi píìnì há aṣọ Limota níbi ikùn bí wọ́n ti í ṣe fún aláboyún tó bá fẹ́ jáde lọ́sàn-án, ó ní ó yá.

Limota bú sẹ́rìn-ín. “Màámi, tí mi ò bá ní rí nǹkan kan, kí ni mo wá ń bá yín lọ ṣe?”

“Wàá máa fetí gbọ́. Èmi á máa ròyìn fún ọ.”

Ẹnu ọ̀nà Ilé Iwin ni wọ́n ti bá Sàídì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó gbé eré náà kalẹ̀. Bó ṣe rí ikùn Limota ló na ọwọ́ méjèèjì.

“Màmá, ẹ má bínú. Aláboyún ò lè wọbí.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwa náà la sọ ọ́, mà. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ilẹ̀ ẹ̀ ò dán, àwọn èèyàn sì máa ń sá lu ara wọn.”

“Wò ó, wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.” Àsàmáù na ìborùn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mọ́ Limota lójú níbẹ̀. “Kò ní rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.”

“Màmá, ìyẹn gan-an ló tún máa...”

“Sàídì! Ṣé kì í ṣe èyí tí mo máa ń pọ̀n kiri ọjà nígbà tí ìyá ẹ ń tajà ló ń bá mi jiyàn báyìí? Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

Kí lọmọ tí wọ́n kọ́ nílé fẹ́ sọ sí èyí? Sàídì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Inú ilé náà gbóná, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń wọ́ kiri nínú rẹ̀. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lókè, bó bá kú, èèyàn ò ní rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Àsàmáù di ọwọ́ Limota mú gírígírí, inú rẹ̀ sì ń dùn. “Wọ́n gbé pósí kan síbí,” ó wí.

“Pósí kẹ̀?”

“Ó ṣófo. Gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, nǹkan wà nílẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n, ó káre.”

Àwọn tó wà níwájú wọn pariwo, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ agégi kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápá ọ̀tún. Àsàmáù rora ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Iná kú. Nígbà tó máa tàn padà, nǹkan kan ti dìde síwájú rẹ̀ gan-an, ó ga, kò ní ojú, kò ní ẹnu, ó sì na ọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àsàmáù tó ń bá gbogbo Ìkàrẹ́ jà, Àsàmáù tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, ló já ọwọ́ Limota sílẹ̀, tó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, tó sì sá. Ó kọlu èèyàn, ó gbá tapólì lójú, kò dúró títí tó fi bọ́ síta. Àwọn tó wà níta ń fi í rẹ́rìn-ín, òun náà sì ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà. Ìgbà náà ló rí i pé ọwọ́ kejì òun ṣófo.

“Limota!”

Ó padà sínú. Àwọn èèyàn ń rọ́ jáde, ó ń fi èjìká là wọ́n kọjá, ó ń pariwo pé kí wọ́n tan iná, kí wọ́n tan iná! Níbi àtẹ̀gùn kékeré tó bọ́ sí yàrá kejì ló ti rí i. Limota dojú bolẹ̀, ikùn rẹ̀ wà létí àtẹ̀gùn náà. Ìborùn ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ń na ọwọ́ káàkiri nínú òkùnkùn, ó ń pè jẹ́jẹ́, “Màámi? Màámi?”

Àsàmáù àti ọmọkùnrin kan gbé e dìde, wọ́n mú un jáde. Àsàmáù tú ìborùn kúrò lójú rẹ̀, ó gbá ojú rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ gbọ́ ohun tó bi í léèrè o.

“Ṣé o rí nǹkan kan?”

“Mi ò rí nǹkan kan, Màámi.”

“Wàláhì?”

“Wàláhì.”

“Alihamudulilahi!” Gbogbo ara rẹ̀ sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ Limota, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “A ò ní sọ fún ọkọ ẹ o. O mọ bó ṣe máa ń ṣe. Ṣebí o ò ṣáà rí nǹkan kan?”

Limota mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ọkọ ti sọ̀rọ̀, kí ló tún kù?

Nígbà tí wọ́n délé, Àsàmáù gbé ìkòkò ẹran kaná, ó ń sọ fún ara rẹ̀ bí òun ṣe sá, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó bu ẹran sáwo fún Limota. Limota kò fọwọ́ kàn án. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní, ó di ikùn mú.

“Màámi, kò yí mọ́.”

“Kí ni kò yí?”

“Ọmọ. Láti ìgbà tí a ti dé.”

“Ariwo ló rẹ̀ ẹ́. Ó ti sùn.”

“Ikùn mi sì le.”

Àsàmáù nu ọwọ́ nù, ó gbé e lé ikùn ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó bí Múrítàlá, ó bí àwọn tó kú lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ bí ikùn ṣe ń fúnra tó sì ń tú. Ó dúró kó tú. Kò tú. Ó le gbagidi lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń le sí i. Ó bu omi tútù fún un, ó ní kó yí sápá òsì, ó ka àdúrà tó rántí sí i lórí. Ó tún gbé ọwọ́ lé e. Ó ṣì le. Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Múrítàlá ló wọlé lẹ́nu ọ̀nà náà. Ó ti parí iṣẹ́ ní Ọ̀kà, ó gbé ẹran tí àwọn àna rẹ̀ fi ránṣẹ́ dání. Bó ṣe rí ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀, àpò ẹran bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ló ṣe é?”

“Ẹ̀rù ló bà á,” Àsàmáù yára sọ. “Àwọn ọmọ burúkú kan ló yin bángà lẹ́yìn ilé. Ó dún gbàù, ó sì ta gìrì. Ẹ̀rù lásán ni.”

Limota gbé ojú sókè wò ó, ó tún gbé e sílẹ̀. Múrítàlá kò dúró gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti ń pe ọlọ́kọ̀ lórí fóònù.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ kò jìnnà. Nọ́ọ̀sì Lucy, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, ló gbà wọ́n wọlé. Ó tẹ́ Limota sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé e níkùn. Gbogbo wọn gbọ́ ọkàn ọmọ náà tó ń lù kìkìkìkì, Múrítàlá sì fi ọwọ́ bojú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

“Kí ló ṣẹlẹ̀?” Nọ́ọ̀sì béèrè.

“Ẹ̀rù ló bà á,” Àsàmáù dáhùn. “Bángà ni.”

“Ẹ̀rù nìkan, Màmá? Bí ẹ̀rù bá ba aláboyún, ọkàn rẹ̀ á máa lù, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, tó bá yá, á rọlẹ̀. Ẹ̀rù lásán kì í sábà mú ikùn le báyìí.” Ó yíjú sí Limota. “Ìyàwó, ṣé o ṣubú? Ṣé nǹkan gbá ọ níkùn?”

Limota wo Àsàmáù. Àsàmáù wo ilẹ̀.

“Rárá, mà,” Limota wí.

Nọ́ọ̀sì Lucy wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ó dáa. Ọkàn ọmọ ń lù, kò sì sí ẹ̀jẹ̀. Nígbà míì, ikùn máa ń fúnra lásán nígbà tí oyún bá dàgbà. Kó sinmi, a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà Oyèbọ̀dé ti ń lọ sílé, á rí i láàárọ̀.”

Níta, wọ́n ń ṣí géètì. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan dún.

Àsàmáù dúró sójú kan lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ọmọ òun kan ṣoṣo yóò mọ̀ pé òun tí ó fi ìyàwó lé lọ́wọ́ ló mú un lọ síbi tó ní kó má lọ, pé òun ló dì í lójú, pé òun ló sá fi í sílẹ̀. Irọ́ tí òun sì ti pa ńkọ́? Bí òun kò bá sì sọ̀rọ̀? Bóyá kò sí nǹkan kan. Bóyá á tú bó bá yá. Nọ́ọ̀sì ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń bá ara rẹ̀ wí i bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń wo ètè Limota tí ó ti ń funfun, àti òógùn tó ń ṣàn wọ etí rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí á kú kó tó tú òun fó. Àsàmáù mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú.

“Màámi?” Limota pè jẹ́jẹ́. Ó ti di ojú.

Igbe tí Àsàmáù ké, wọ́n gbọ́ ọ dé géètì.

“Irọ́ ni! Kò sí bángà kankan! Nọ́ọ̀sì, irọ́ ni mo pa! Ilé Iwin ni mo mú un lọ, mo fi ìborùn dì í lójú kó má baà rí nǹkan kan, ẹ̀rù bà mí, mo já ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, mo sá! Èmi ni mo sá! Ó fi ikùn lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo bá a níbẹ̀, ikùn ẹ̀ ló fi lulẹ̀!”

Nọ́ọ̀sì Lucy kò dúró kó parí. “Ẹ dá Dókítà dúró!” Múrítàlá ti sáré jáde, ó ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn mọ́tò náà bó ṣe fẹ́ bọ́ sójú títì.

Ohun tó tẹ̀lé e yá débi pé Àsàmáù kò lè tò ó bó ṣe lọ. Dókítà wọlé tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó tẹ ikùn, ó béèrè ìbéèrè kan, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ kíá. Ó ní ibi ọmọ ti ń ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí i. Wọ́n ti Limota kọjá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìyá àti ọmọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà. Múrítàlá kò wo ojú ìyá rẹ̀. Àsàmáù fẹ́ gbàdúrà, gbogbo àdúrà tó mọ̀ fò lọ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tún wí lábẹ́nu, Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́. Wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì nítòsí, kò sí ẹni tó dìde nínú àwọn méjèèjì.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ó kéré. Kò tètè ké, ṣùgbọ́n nígbà tó máa ké, kò fẹ́ dákẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì yè.

“Bí ẹ bá dúró di àárọ̀,” Nọ́ọ̀sì Lucy sọ fún Múrítàlá, “ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa bá yín sọ.”

Àsàmáù rápálá dìde. “Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù tí wọ́n fi bà á níbẹ̀ yẹn, gbogbo ariwo yẹn, ṣé kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan?”

“Màmá, ọmọ inú ò mọ iwin. Ilẹ̀ ló gbá a.”

Lọ́jọ́ kejì, Àsàmáù ti pọn omi, ó ti ra ọṣẹ àti kànrìnkàn tuntun, ó ti kó àdí sínú apẹ̀rẹ̀. Nínú ilé wọn, ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyá ọkọ tirẹ̀ ló wẹ Múrítàlá. Múrítàlá bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó gba apẹ̀rẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

“Màámi, ìyá Limota ń bọ̀ láti Ọ̀kà. Àwọn ni yóò máa wẹ ọmọ.”

Ó dun Àsàmáù wọra, ó dùn ún dé egungun. Bí ó bá jẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo àdúgbò ni ì bá gbọ́. “Ó dáa,” ó wí. “Ṣé mo lè wọlé kí i?”

Limota ti jí. Ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Àsàmáù kò bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ náà, ó jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan. Limota ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju tẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

“Màámi, nígbà tí ẹ já ọwọ́ mi sílẹ̀, kí lẹ rí?”

Àsàmáù lè parọ́ fún un. Ó lè fi ìwo sórí ohun tó rí náà, kó fi iná sí i lẹ́nu, kó sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni yóò sá fún. Ta ló máa já a nírọ́?

“Ọmọkùnrin kan ni,” Àsàmáù wí. “Ó da àpò sìmẹ́ǹtì borí.”

“Àpò sìmẹ́ǹtì.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Òun náà ló bọ́ ọ sílẹ̀ tó bá mi gbé ọ dìde.”

Limota wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́.